Kòkòrò Tí Ọ̀gá Àgbà Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Sọ

Ẹni tó bá ní òun kò tíì rí ìgbéraga tó wọ bàtà rí, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó máa wo Ọ̀gá Àgbà bó ṣe ń bọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ fọn fèrè mọ́tò. Ẹ̀ṣọ́ tó ti ṣí géètì sílẹ̀ á sáré tì í padà, á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, nítorí Ọ̀gá ní géètì tí òun bá ní ṣíṣí kò fi àpọ́nlé hàn. Ìṣojú òun ló yẹ kí wọ́n ti ṣí i. Nínú ilé, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń wo ìtọ̀ á gbé ìtọ̀ dání dìde. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ nítorí títẹríba, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, á wá gbé ohùn sókè:

“Ọ̀gá Àgbà! Olórí gbogbo awò! Ojú tí ń rí ohun tí ojú ò rí! Ẹ káàbọ̀, sà!”

Ojú tí ń rí ohun tí ojú ò rí yìí, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sún mọ́ maikirosíkópù láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní àga tí ń yí. Èmi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni mo ń sọ. Yẹ̀yẹ́ ń bọ̀ níwájú.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni táǹkì omi. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé táǹkì ńlá kan sórí òrùlé yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sí i lára, teyínteyín. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà mu ife omi náà lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ó dùn ju omi lọ. Kò sẹ́ni tó rántí fọ inú táǹkì náà. Àwòrán ló gbà wọ́n lọ́kàn.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń se omi, tí wọ́n á gba ooru rẹ̀ sínú ìgò, kó lè mọ́ gaara. Omi yẹn ni wọ́n fi ń po aró, òun ni wọ́n sì fi ń ṣan gíláàsì. Nígbà tí Ọ̀gá rí ẹ̀rọ náà lórí iná, inú bí i.

“Omi tó ti gba abẹ́ àwòrán mi kọjá,” ló wí, “kí ni wọ́n tún fẹ́ sè nínú ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí. “Ìwọ̀sí gbáà ni.”

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sínú gáréèjì Ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà, omi táǹkì ni wọ́n ń fi ṣe ohun gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí èmi náà bi ni léèrè kó tó yé mi. Bí wọ́n bá fura pé ikọ́ ife ń ṣe ènìyàn, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ ra awẹ́ gíláàsì, wọ́n á da aró pupa lé e, wọ́n á wá fi ásíìdì bó aró náà kúrò. Àwọn kòkòrò yòókù á bọ́ṣọ kíá. Ti ikọ́ ife nìkan ni kò ní gbà. Pupa rẹ̀ á dúró gbọin. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife ní ìbátan. Inú omi àti inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, àwọn náà sì ń di aṣọ pupa mú bíi tirẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá gba ojú ọgbẹ́ wọ̀ lára, wọn kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Ìwà ni wọ́n sì fi ń dá àwọn kan mọ̀ nínú wọn: bí wọ́n bá gbìn wọ́n sínú àwo oúnjẹ kòkòrò, ikọ́ ife á máa ṣe jẹ́lẹ́ńkẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláìnísùúrù yìí, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti hù. Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnìkan náà. Ẹni tó bá pè wọ́n ní ẹnìkan náà ti kó oògùn fún ẹni tí kò ṣàìsàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn táǹkì ni gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Ìyá Gíláàsì ló kọ́kọ́ rí i. Òun ni olórí àwọn tó ń wo kòkòrò, ìwé rẹ̀ ga ju ti Ọ̀gá lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ ìfárí. Ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ikọ́, pupa. Ọgbẹ́, pupa. Ìtọ̀, pupa. Ẹni tó wá yọ eyín lánàá, òun náà pupa.”

“Ṣé iṣẹ́ tó pọ̀ ló ń dùn ọ́?”

“Kì í ṣe ikọ́ ife, sà. A gbìn ín, ó sì hù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú omi ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká yẹ táǹkì yẹn wò.”

Ojú Ọ̀gá yí padà.

“Táǹkì wo?”

“Èyí tí àwòrán yín wà lára ẹ̀.”

“Ṣé àwòrán mi ló wá ń bímọ kòkòrò?”

Ibẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tó ti ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí, ti fò síwájú. “Sà! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́? Ó ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ó ní ó ń yára. Ó ní ibi gbogbo ló wà. Kòkòrò tuntun ni, sà! Ẹ̀yin lẹ ṣàwárí ẹ̀!”

Ọ̀gá Àgbà fara ti àga. Nínú ọkàn rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó rí àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó rí àga tó tún ga ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

“Mo ti ń fura tipẹ́,” ló wí.

Ìyá Gíláàsì la ẹnu. Ọ̀gá sì fi kún un pé ẹni tó bá fọkàn sin kòkòrò tuntun yìí ni yóò ṣe olórí ẹ̀ka tuntun rẹ̀. Ìyá Gíláàsì pa ẹnu dé. Ẹ má fojú burúkú wò ó jù. Ó ti ń retí ìgbéga láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ṣùgbọ́n n ò ní bò ó fún un. Ó gbọ́ òórùn, ó sì fọwọ́ bo imú.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ kòkòrò omi lórúkọ. Kòkòrò Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní in, yàrá àdádó ni kí wọ́n gbé e lọ títí oògùn yóò fi dé. Ẹni tó wá nítorí èékánná, àdádó. Ẹni tó wá kí èèyàn, tó ṣèèṣì wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àdádó. Yàrá náà kún. Mínísítà ètò ìlera gbọ́ ní ìlú ńlá, ó ní òun ń bọ̀ wá fi Ọ̀gá jẹ olórí gbogbo yàrá àyẹ̀wò orílẹ̀-èdè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Ọ̀gá wúkọ́.

Ìyá Ọ̀gá kéré lára, ó sì dàgbà. Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù bí ọmọ náà ò bá sọ̀rọ̀. Etí ló kù fún un. Etí yẹn sì tó etí! Ó ń fi ìró bàtà mọ ẹni tó ń kọjá, ó ń fi í gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, kò sì sí gbólóhùn tí wọ́n sọ ládùúgbò tí kò gbà á kọjá. Ó gbá ilé, eruku wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wúkọ́. Awakọ̀ Ọ̀gá gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi omi táǹkì ṣan gíláàsì rẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún un.

“Màámi, a ti rí ohun tó ń ṣe yín.”

“Kí ló ń ṣe mí?”

“Kòkòrò Ọ̀gá Àgbà.”

“Ta ni Ọ̀gá Àgbà?”

“Èmi ni, Màámi.”

Ìyá náà ronú sí i. “Ìyẹn ti pẹ́,” ló wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ló ti ń ṣe mí.”

Àwọn nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màámi, ẹ dákun, ẹ lọ sí àdádó. Bí mo bá yọ yín sílẹ̀, wọ́n á ní èmi pàápàá ò gba kòkòrò mi gbọ́.”

“Ṣé ó máa pẹ́?”

“Kò ní pẹ́.”

“Ṣé rédíò wà níbẹ̀?”

Ó gbé rédíò rẹ̀ wọlé, nítorí ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín.

Oògùn dé. Dókítà tó ń tọ́jú àdádó wá bá Ọ̀gá. “Abẹ́rẹ́ yìí le, Ọ̀gá. Lára kòkòrò gidi, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lára arúgbó, ó lè gba etí, kò sì ní dá a padà. Ṣé ọ̀rọ̀ Màmá dá yín lójú?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Màámi ti gbọ́ tó láyé.” Ó tún fi kún un pé Màmá ni yóò gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, lórí pèpéle, níwájú Mínísítà, kí gbogbo ayé lè rí i pé Ọ̀gá Àgbà kì í ṣojúsàájú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Gíláàsì tún wọlé. Oorun ò kùn ún lóru. Ó ti lọ tọrọ ìgò omi tó mọ́ gaara ní ilé ìwòsàn míì.

“Ọ̀gá, mo tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá wò. Omi mìíràn ni mo lò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfo ni.”

Ọ̀gá wo òkè àjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, nítorí ojú rẹ̀ ò sọ ọ́. Ó gba obìnrin náà gbọ́. Ó mọ̀. Ó wá gbé ohun tó mọ̀ náà, ó tì í sísàlẹ̀ ikùn, ó sì fi ìgbànú dè é.

“Lẹ́yìn ayẹyẹ,” ló wí, “a ó yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Lẹ́yìn ayẹyẹ, sà? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un?”

“Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ.”

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n pa àtíbàbà sí àgbàlá, wọ́n to àga, wọ́n gbé maikirosíkópù sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Wọ́n gbé Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, nọ́ọ̀sì dúró tì í pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà mú áńkáṣíìfù funfun dání. Bó bá ti jù ú sókè, kí àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà gba gbohùngbohùn.

“Kí wọ́n tó bí mi,” ló bẹ̀rẹ̀, “kòkòrò yìí wà. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ́? Kò jẹ́ nǹkan kan! Kò lórúkọ, kò lójúlé, ó kàn ń rìn kiri bí ajá tí kò lólówó. Ta ló gbà á tọ́? Èmi! Ta ló fún un lórúkọ? Èmi! Lónìí, kò sí ilé kan ládùúgbò yìí tí orúkọ mi ò sí lára ẹnì kan nínú wọn!”

Áńkáṣíìfù fò sókè. Àtẹ́wọ́ ró.

Mínísítà náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíì lójú ẹ̀ kó dákẹ́. Ó dìde. “Èmi náà! Aṣáájú ni mí! Ohun tí mo bá ní kí ará ìlú ṣe, èmi ni mo ń kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ yẹ èmi náà wò!” Ó tutọ́ sínú ife, ó sì wo àwọn oníròyìn bóyá wọ́n yà á.

Ìyá Gíláàsì gba ife. Ó wo Mínísítà, ó wo abẹ́rẹ́, ó wo arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín sí ohùn àwọn ènìyàn. Ó sún mọ́ gbohùngbohùn.

“Sà,” ló sọ fún Mínísítà, tí gbohùngbohùn sì gbé e, “iṣẹ́ wa ní ìlànà kan tí a ti pa tì. Bí a bá ń kun gíláàsì, ó yẹ ká kun òfìfo kan pẹ̀lú ẹ̀, èyí tí a ò fi nǹkan kan sí, ká lè mọ̀ pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ṣé kí n ṣe é?”

Ọ̀gá na ọwọ́. “Kò pọn dandan…”

“Ìlànà!” ni Mínísítà ké. “Mo fẹ́ràn ìlànà! Ṣe é!”

Obìnrin náà fi itọ́ sí ọ̀kan, kò fi nǹkan kan sí èkejì. Aró, ásíìdì, omi táǹkì. Bó ṣe gbé gíláàsì kan sábẹ́ awò ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ojú kan, ó sì fi èkejì wò ó.

“Ó wà níbẹ̀!” ló fi igbe bọnu. “Kòkòrò Ọ̀gá Àgbà, bí èrò ọjà! Pupa rẹ́súrẹ́sú! Ẹni tó ni gíláàsì yìí ò gbọdọ̀ sùn nílé lónìí! Àdádó kíá!”

Áńkáṣíìfù fò sókè. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rántí itọ́ ẹni tó wà nínú ife. Ẹ̀ṣọ́ Mínísítà pa dà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Akọ̀wé rẹ̀, tó ti ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn náà sí apá kejì.

“Mínísítà, ẹ máa bọ̀,” ni ohùn Màmá wá láti ẹ̀gbẹ́. “Bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi ṣófo. Ṣé ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù?”

“Abẹ́rẹ́ yẹn!” Òógùn ti bo Mínísítà. “Nọ́ọ̀sì, kí ló ń ṣe fún èèyàn?”

“Ó lè gba etí, sà.”

“Etí ta ni?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Màmá. “Kí lo wí, nọ́ọ̀sì?”

Nọ́ọ̀sì tẹ orí ba. “Màmá, ó lè gba etí yín. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín ni.”

Arúgbó náà yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ibi tó ti ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o mọ̀?”

“Màámi,” ni Ọ̀gá Àgbà wí, “ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́.”

Ó sáré kọjú sí Mínísítà. “Sà, ẹ má mikàn. Lára àwọn ènìyàn ńlá, kì í ṣe àrùn. Oyè ni. Ó mọ irú ẹni tó ń bà lé.”

“Ẹ fara balẹ̀, sà,” ni Ìyá Gíláàsì wí. “Gíláàsì tí Igbákejì wò yẹn, itọ́ yín ò sí níbẹ̀. Òfìfo ni. Omi táǹkì yẹn nìkan ló kàn án.”

“Ta ló wá ń ṣàìsàn?” ni Mínísítà bi.

“Gíláàsì ni!” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. “Ẹ gbé gíláàsì lọ sí àdádó!”

Ẹ̀rín ya bí odò. Ẹ̀ṣọ́ Mínísítà kan gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ó ṣí ọmọrí táǹkì, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. “Ó ń yọ̀, sà!” ló ké. “Ara ẹ̀ ń yọ̀ bí ìdí ìgbín!”

Ẹlòmíì ni, yóò ti wá ilẹ̀ tó lanu kó wọ̀ ọ́. Ọ̀gá Àgbà ò wá ilẹ̀. Gbohùngbohùn ló dì mú. “Ètò ni ètò!” ló ń pariwo. “Ẹ gún Màámi lábẹ́rẹ́! Tiwọn lè jẹ́ omi, ti Màámi lè jẹ́ òótọ́! Àbí kò rí bẹ́ẹ̀?” Ó yíjú sí igbákejì rẹ̀.

Igbákejì wo Mínísítà. Ó wo táǹkì. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀ sápò.

“Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà,” ló wí.

Nọ́ọ̀sì gbé àwo abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fa Màmá lọ́wọ́ dìde, ó mú un gba àárín èrò kọjá jáde ní géètì. Àwọn aláìsàn àdádó tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́èékánná, ẹléyín, gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Ẹ ò ní béèrè bóyá Ọ̀gá gba ipò tuntun. Ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí ni wọ́n ní kó lọ máa bójú tó. Mínísítà sọ fún àwọn oníròyìn pé òun lòun fura sí táǹkì. Ìyá Gíláàsì ò gba ẹ̀ka kankan. Ìwé ìbáwí ni wọ́n fún un, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí gbohùngbohùn láìgbàṣẹ. Ó ká ìwé náà, ó lọ sí gáréèjì Ọ̀gá, ó sì gbé ẹ̀rọ ìsomi padà. Ta sì ni adelé Ọ̀gá Àgbà? Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà! Ó ti ní ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó ń nu tábìlì. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá àná fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, rédíò ń lọ lórí itan rẹ̀. Aránṣọ ń ránṣọ ní òdì kejì títì, ẹni tó ń lẹ táyà jókòó lábẹ́ igi, àwọn obìnrin méjì ń ṣa aṣọ gbígbẹ.

“Màámi, ẹ káàsán o.”

Màmá kò mira.

“Màámi, mo wá bẹ̀ yín ni.”

“Kí lo wí?” Ó ká ọwọ́ sétí.

Ọ̀gá sún mọ́ ọn. Ó rántí pé wọn ò gún un. Ó dá a lójú pé wọn ò gún un. “Mo ní ẹ má bínú!”

“Ohùn ẹ jìnnà.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Mo ṣe àṣìṣe!”

Maṣíìnì aránṣọ dúró.

“Àṣìṣe wo?” ni Màmá bi. “Ariwo rédíò yìí pọ̀.” Kò sì dín rédíò kù.

Ọ̀gá gbé agbádá ohùn rẹ̀ àtijọ́ wọ̀. “Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti wà nípò, ní ti ètò àti ìlànà tó…”

“N ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.”

Ẹni tó ń lẹ táyà ti dìde wá sí etí títì. Àwọn obìnrin méjèèjì di aṣọ mú láìká a. Ọ̀gá fẹ́ yí padà máa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì gbé ọwọ́ sétí, ó na ọrùn síwájú, ojú rẹ̀ tí kò ríran ń wá a níbi tí kò sí. Ohun tó ti fi ìgbànú dè sísàlẹ̀ ikùn já.

“Mo mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe yín, Màámi!” Ariwo rẹ̀ gba títì kan. “Wọ́n ti sọ fún mi! Mo mọ̀ kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ wá! Mo sì fẹ́ kí wọ́n gún yín, torí kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi!”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Màmá nawọ́ sí rédíò, ó pa á.

“Wọlé wá jókòó,” ló wí, jẹ́jẹ́. “Kó o sì yé pariwo lé mi lórí. Ta ló sọ fún ẹ pé mo dití?”